Ìdánrawò Kan Ṣoṣo

Ká má déènà pẹnu, ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ eré yẹn fún. Olùkọ́ mi rò pé torí máàkì àṣekágbá ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n iléèwé wa rò pé torí kí orúkọ mi lè ròkè ni. Kí wọ́n máa rò ó lọ. Bọ̀ọ̀dá mi ni mo kọ ọ́ fún, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tó ti fi ilé sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, tí kì í gbé ìpè Màámi, tí Màámi náà ò sì pè é mọ́. Mo fẹ́ kí àárín wọn tún gún. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gùn rárá. Lọ́jọ́ tí Dádì kú, àwọn àti Bọ̀ọ̀dá mi nìkan ló wà nílé. Èmi wà níléèwé. Màámi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, torí nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Àyà ti ń dun Dádì láti àárọ̀, àmọ́ wọ́n ní kò tó nǹkan, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn lọ síbì kankan. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá mi fi máa rí wọn gbé dé ọ̀dọ̀ Màámi, ẹ̀mí ti bọ́. Níbẹ̀ yẹn, lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí, Màámi nàka sí i, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ní, "Ìwọ lo pa bàbá rẹ." Bọ̀ọ̀dá mi ò fèsì. Ẹnu rẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Ó dúró títí a fi sin Dádì tán, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ìránṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ti sú mi dé ọ̀fun. Bọ̀ọ̀dá mi á pè, á ní, "Báwo ni màmá ẹ?" Màmá èmi nìkan, àbí? Màámi náà á máa nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹni yẹn, ṣé ara ẹ̀ yá?" Ẹni yẹn! Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé fóònù kí wọ́n bi í fúnra wọn, wọ́n á ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná, kò sì ní sí ìkòkò kankan lórí iná.

Bí mo ṣe jókòó kọ eré nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, yàrá ìgbàlejò kan, ilẹ̀kùn kan, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ní ìparí, ìyá á ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọlé, bọ́ bàtà ẹ." Ó parí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n ńlá. Èrò mi ni pé bí Bọ̀ọ̀dá mi bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan, kódà kó jẹ́ ìyá orí tẹlifíṣọ̀n, ọkàn rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Mo pè é. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa gbé e." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Torí pé iṣẹ́ ẹ ni, màá wò ó."

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ "ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n" tàn yín o. Yàrá méjì ni, lókè àjà kejì, níbi tí wọ́n ń da ìwé tó ti gbó sí tẹ́lẹ̀. A fi fóòmù ibùsùn bo ògiri kí ariwo má baà wọlé, ariwo sì ń wọlé. Kámẹ́rà méjì la ní, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń gbìyànjú. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ máa ń kùn ju àwọn òṣèré lọ, nítorí náà bí a bá ti fẹ́ gba nǹkan sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa á. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aṣọ gbogbo wa á ti lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn.

Òfin kan sì wà. Káàdì kan ṣoṣo tí àwòrán ń wọ̀ ló bá kámẹ́rà gidi yẹn mu, kò sì fẹ́ẹ́ gbà ju eré kan lọ. Àwọn kan tó ṣáájú wa fi ìdánrawò kún un títí kò fi sí àyè fún ìparí eré wọn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Wáyà ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn sítúdíò láti inú: A KÌ Í GBA ÌDÁNRAWÒ SÍLẸ̀. Ọ̀gá Wáyà ni bàbá tó ń bójú tó gbogbo ẹ̀rọ wa, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Nítorí náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ṣe ìran èyíkéyìí, ìdánrawò ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo wa ti mọ̀. A tún ti lẹ tépù dúdú mọ́ iná pupa tó wà lórí kámẹ́rà, torí àwọn òṣèré wa ò lè rí iná yẹn kí wọ́n má tẹjú mọ́ ọn. Bí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́, bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ò lè mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin tó yẹ kó ṣe ìyá nínú eré náà ránṣẹ́ pé wọ́n ti fa ìdánwò òun síwájú, kí n má bínú. Kí n má bínú kẹ̀? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín sítúdíò, mo ń wo òrùlé. Bẹ́ẹ̀ a ti to gbogbo nǹkan kalẹ̀. Àga ilé wa ni mo kó wá, pẹ̀lú kọ́tìnì ilé wa àti tábìlì kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ibi tí mo jókòó sí ni mo wà tí Màámi fi wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ohun tí a ń fi àga àwọn ṣe.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní gun àga mi lórí o," ni wọ́n wí. Wọ́n tún ìrọ̀rí àga kan tó wọ́ ṣe, wọ́n sì jókòó lé e, torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Iná sítúdíò bọ́ sí wọn lójú. Wọ́n kàn jókòó ni o, wọn ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá Wáyà tó ń tú wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ìyá tí ò ń wá rèé," ló wí. "Àbí o fọ́jú ni?"

Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó àwọn í ṣe. Àmọ́ wọ́n gba ìwé eré náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé e lọ sílé.

Nígbà tí a jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n fi awò ojú sójú, wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí tábìlì. Èmi ń ṣe bí ẹni ń to abọ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n ká a sí méjì.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ẹni yẹn máa wò ó?"

"Wọ́n ní àwọn máa wò ó."

"Hùn," ni Màámi wí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Màá bá ẹ ṣe é."

Mi ò lè sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ìyá kan lásán ni Bọ̀ọ̀dá mi máa rí mọ́. Ìyá tiwa gan-an ló máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ọjọ́ méjì la fi gba eré náà sílẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ẹni tó ń ṣe ọmọ, Ìràwọ̀ la máa ń pè é, torí pé láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ti ń bi wá léèrè ẹ̀gbẹ́ ojú òun tó dára jù. Ọlọ́run ló kó mi yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá ní kó wo Màámi lójú, kámẹ́rà ló ń wò. Tí mo bá ní kó dákẹ́, á ní ṣé kóun fi ojú dákẹ́ ni àbí kóun fi ẹnu dákẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, Pẹ̀lẹ́ lorúkọ tí a fún un, torí bí ìwọ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló máa kí ẹ pẹ̀lẹ́. Àwa mẹ́rin náà nìyẹn, pẹ̀lú Ọ̀gá Wáyà tó ń tan iná tó ń paná. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tó ní agbára ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Ìràwọ̀ pàápàá gbàgbé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀.

Ìran ìkẹyìn ló ṣẹ́kù, ìran ẹnu ọ̀nà. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ kí Màámi tó dé láti ẹnu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, bàtà iṣẹ́ wọn funfun ti fún wọn. Mo ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní bí àwọn bá jókòó pẹ́nrẹ́n, àwọn ò ní dìde mọ́, kí á tètè ṣe é. Orí ń fọ́ mi, ojú mi ń pa dé fúnra rẹ̀. Mo wò wọ́n, mo wo ilẹ̀kùn, mo ní, "Ó yá, Màámi. Ẹ máa ṣe é."

Gbólóhùn tí mo sọ nìyẹn. Mi ò sọ pé ìdánrawò ni. Ta ni mo máa sọ ọ́ fún? Gbogbo wa ló mọ̀, mo sì ti gbàgbé pé Màámi ò sí nínú "gbogbo wa". Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti rò pé ńṣe la ń gba ìran kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ kan ilẹ̀kùn. Màámi ṣí i. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó pẹ́ ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn ni, mo ti fẹ́ tẹnu bọ̀ ọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò kọ.

"Bàbá rẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. A ti jà láàárọ̀, torí ohun tí ò tó nǹkan, mo sì ti lérí pé n kò ní dá a lóhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fóònù ń gbọ̀n níwájú mi lórí tábìlì. Mo rí nọ́ńbà rẹ̀. Mo yí fóònù yẹn dojú bolẹ̀. Ó tún gbọ̀n. Mò ń kọ oògùn aláìsàn sílẹ̀, mò ń sọ lọ́kàn mi pé kó máa pè, kó pè títí kó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí o gbé e dé, mo ti pa ìpè méjèèjì rẹ́ kí n tó jáde sí yín. Mo wá ẹni tí màá dì í rù, ìwọ lo sún mọ́ mi jù. Ìwọ kọ́ lo pa bàbá rẹ. Wọlé, ọmọ mi. Má dúró síta mọ́."

Ìràwọ̀ dúró síbẹ̀ láìwo kámẹ́rà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rántí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kankan. Ọ̀gá Wáyà yíjú sí ògiri. Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá obìnrin yìí gbé, tí à ń jẹun lórí tábìlì kan, n kò mọ̀ pé ohun tó wà ní ikùn wọn nìyí.

Màámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ti tán, àbí?" ni wọ́n bi mí.

Mo wo Pẹ̀lẹ́. Ó ti ń sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà, ó rọra mi orí fún mi. Kò gbà á sílẹ̀. Kí ló fẹ́ gbà á sílẹ̀ fún? Ìdánrawò ni. Ẹ̀rọ amúlétutù tiẹ̀ ṣì ń kùn lókè orí wa, kò sẹ́ni tó ti pa á.

Bó bá jẹ́ pé mo ní ọgbọ́n, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, irọ́ tí gbogbo olùdarí máa ń pa ni mo pa. Bí a bá ba nǹkan jẹ́, a kì í jẹ́ kí òṣèré mọ̀, a máa ń ní ó dára, kó ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i kí ọkàn wa lè balẹ̀. "Ó dára gan-an, Màámi," mo wí. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí ọkàn wa kàn balẹ̀."

"Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn náà?"

"Rárá, Mà. Bó ṣe wà nínú ìwé."

"Ìyẹn ò le," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá Wáyà pa ẹ̀rọ amúlétutù. Pẹ̀lẹ́ tẹ kámẹ́rà. Màámi ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀: ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀, wọlé, bọ́ bàtà ẹ. Ó gbẹ. Bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ aláìsàn tó kàn ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n rò pé wọ́n ti ṣe èyí tó ṣe pàtàkì tán, ta ló máa bá wọn wí?

Mo sìn wọ́n dé ìsàlẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di apá mi mú. Wọ́n ní, "O ò mọ̀, ara mi fúyẹ́." Mo wò wọ́n títí wọ́n fi wọ ọkọ̀, wọ́n ń juwọ́ sí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Pẹ̀lẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ń to eré náà pọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá dé ìran ẹnu ọ̀nà ni Pẹ̀lẹ́ máa ń mí kanlẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Màámi. Mo ní kó jẹ́ n gbọ́ràn. Ó ní kí n kúkú sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá mi fúnra mi, ṣebí mo gbọ́ ọ.

"Mo gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ mi kọ́," mo wí. "Ẹni tó ni ín ló máa sọ ọ́. Ó sì ti sọ ọ́! Àwa la ò gbà á."

Inú bí mi, mo lọ bá Ọ̀gá Wáyà níbi tó ti ń lẹ wáyà, mo ń jágbe mọ́ bàbá arúgbó. Mo ní òfin burúkú wo lẹ kọ sára ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú mélòó ni ìdánrawò ìyá mi fẹ́ gbà lórí káàdì yín? Bàbá náà jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún màmá rẹ pé ìdánrawò ni?" ló bi mí.

Mo yíjú padà lọ síbi kọ̀ǹpútà. A to èyí tó gbẹ yẹn sí ìparí eré, a fi ránṣẹ́ ní aago márùn-ún. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè sunkún pàápàá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́ta ààbọ̀, mo gba ọsibítù lọ. Mo ti pinnu láti àárọ̀, mo sì ti yí ìpinnu náà padà bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù Màámi, mo tún fẹ́ sá padà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ti gbọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń to àga síwájú tẹlifíṣọ̀n inú yàrá ìjókòó, wọ́n ti fi wáyà so fóònù ẹnì kan mọ́ ọn. Aláìsàn kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní òun ò ní gba abẹ́rẹ́ títí òun á fi wo màmá nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní òṣèré. Màámi ti tún irun ṣe. Wọ́n ti kun ètè. Wọ́n rí mi, wọ́n fà mí wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

"O ti pè é? Ó ti wà nídìí ẹ̀?" ni wọ́n ń bi mí. "Àwọn ará ibí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, kò kàn mí mọ́. Kó ṣáà ti gbọ́."

"Màámi," mo wí, "kò sí nínú ẹ̀."

"Kí ni ò sí nínú ẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, òfin ara ilẹ̀kùn, tépù dúdú, irọ́ tí mo pa. Mi ò wo ojú wọn, bàtà funfun yẹn ni mò ń wò. Nígbà tí mo parí, Màámi ò jágbe. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

"Ọdún mẹ́rin," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé e. Mo wá gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú yín, ẹ sì ń wò mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo sọ ọ́ fún. Fóòmù ni mo sọ ọ́ fún!"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dákẹ́." Wọ́n na ọwọ́. "Gbé fóònù ẹ wá. Tèmi, kò ní gbé e."

Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mo jẹ́ kí ohùn máa dún síta, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi gbé e.

"Àbúrò, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Bọ̀ọ̀dá mi wí. "Mo ti jókòó tì í, má dà mí láàmú. Ọ̀gá mi rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà."

Màámi gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu.

"Hẹ̀lóò? Àbúrò?"

"Èmi ni," ni Màámi wí.

Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi. Mo ní ó ti tán, ó máa pa fóònù náà. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Má pa á, jọ̀ọ́. Mi ò ní pẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá yín pè mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú. Mo rí i. Ìjà ló wà láàárín wa, mi ò gbé e. Mo wá dì í lé ọ lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Kì í ṣe ìwọ, èmi ni."

Màámi dijú.

"Mo mọ̀, Màámi," ni Bọ̀ọ̀dá mi wí.

"O mọ kí ni?"

"Kì í ṣe Dádì ló pè yín. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Èmi ni. Fóònù tèmi ti kú, tiwọn ni mo mú. Wọ́n ti ṣubú sílẹ̀, mi ò mọ bóyá kí n gbé wọn dìde ni àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi ni. Mo pè lẹ́ẹ̀kan, mo tún pè."

Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bú u lọ́kàn mi pé olóríkunkun ni, pé ọkàn rẹ̀ le, pé ó fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá wa, ohun tó gbé lọ nìyẹn.

"Mo nàka sí ọ lójú gbogbo èèyàn," ni Màámi wí. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. "O mọ̀. O sì dúró, o ń wò mí. Èé ṣe tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ni kí n sọ? Dádì ti lọ. Ẹ̀yin nìkan ló kù fún wa. Bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ ò ní dìde mọ́. Mi ò kàn lè máa wò yín lójú lójoojúmọ́ kí n má sọ ọ́. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn."

Ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn. "Ó ti bẹ̀rẹ̀ o! Màmá òṣèré, ẹ jáde wá wo ara yín!" Ẹ̀rín sọ nínú yàrá ìjókòó. Màámi ò tiẹ̀ yíjú. Wọ́n ti gbé fóònù náà lé etí báyìí, wọ́n ń sunkún sókè, wọ́n ń pè é lórúkọ tí wọ́n máa ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọdún mẹ́rin. Mo gbọ́ tí ohùn ìbẹ̀rẹ̀ eré mi dún lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi, mo sì gbọ́ tó pa á. Mo dìde, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.